Àlùmọ́gàjí Deolinda

Ní Matosinhos, létí òkun àwọn Potogí,
òórùn ẹja ló máa ń jí ṣáájú àkùkọ.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti lò nídìí ẹ̀rọ tó ń dé agolo.
N kò jọ̀gá rí, n kò sì ní í jọ̀gá;
ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ ló mọ bí àjà ṣe rí.

Deolinda ni fọ́ọ̀mánù wa nígbà náà.
Ọwọ́ obìnrin yẹn!
Àlùmọ́gàjí á dún kẹ́ṣẹ́, orí sàdíìnì á bọ́,
kẹ́ṣẹ́, ìrù á tẹ̀ lé e, agolo á kún
kí ẹlòmíì tó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ.
Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège, kò ní pe mẹkáníìkì,
á tẹ́tí bí ìyá tó ń gbọ́ ikọ́ ọmọ lóru,
á ní, "Bẹ́líìtì kejì ló dẹ̀. Ẹ fún un."
Bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí.
Nísàlẹ̀, níbi tí omi ẹja ti ń ro sí wa ní bàtà,
ọwọ́ lọ̀gá fi ń jọ̀gá.
Ẹni tí kò mọ ẹja gé, ta ni yóò gé ẹja fún un?

Wọ́n wá gbé e gòkè, sí yàrá onígíláàsì:
àádọ́rùn-ún èèyàn, fọ́ọ̀mánù mẹ́rin.
Kí lobìnrin náà ṣe? Ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀.
Á já àlùmọ́gàjí gbà lọ́wọ́ Graciete:
"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wò ó. Wò mí."
Graciete wò ó títí, kò fọhùn.
Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Òun nìyá mi fi ń lé àlejò nílé.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, àárín Graciete àti Zulmira dàrú.
Ẹni tó ń gé kò wo ojú ẹni tó ń tò,
agolo ń dé ọ̀dọ̀ mi lábọ̀,
Deolinda dúró láàárín àwọn méjèèjì,
ó ń gé, ó ń gé.
Àlùmọ́gàjí a máa la ẹja. Kì í la ìjà.

Ìgbà yẹn ni Dona Hermengarda sọ̀ kalẹ̀.
Òun ló ni iṣẹ́, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
kò mọ ibi tí wọ́n ti ń di ẹja mú.
Ojú fèrèsé ló máa ń wà láti àárọ̀, á tẹjú mọ́ òkun,
àwa a sì máa pè é ní Aṣọ́kun lẹ́yìn.
Ó nawọ́: "Mú àlùmọ́gàjí yẹn wá."
Ó ní, "Agolo mélòó la dé lánàá?"
Deolinda kà á fún un, kò ku ẹyọ kan.
"Kí ló ń ṣe ọkọ Zulmira?"
Deolinda kò mọ̀.
"Ó dáa," ni màmá wí. Ó ju irin náà sí dúrọ́ọ̀, ó tì í.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Deolinda da àpótí ẹja dojú dé,
ó jókòó ti Zulmira, ó ya búrẹ́dì sí méjì, kò sọ nǹkan kan.
Kíndìnrín ọkọ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Graciete sì rò pé ojúsàájú ni wọ́n fi ń jẹ́ kó tètè lọ!
Omijé Graciete ló kọ́kọ́ bọ́.

Lọ́dún kejì, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má pa sàdíìnì fún oṣù mẹ́jọ.
Ilé-iṣẹ́ òsì wa tilẹ̀kùn, tọ̀tún náà tilẹ̀kùn.
Tiwa nìkan ló ń rú èéfín:
Aṣọ́kun ti ra ẹ̀rọ ẹja títúsì sílẹ̀
láti ìgbà tí a ti ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ó ti fẹ̀yìn tì. Deolinda ló wà lójú fèrèsé báyìí.
Lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣí dúrọ́ọ̀ náà, irin ti dípẹtà.
Ó gé sàdíìnì kan níwájú wa, orí rẹ̀ kò já.
Ó rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n inú mi kò dùn tán.

Àwọn ọmọ tuntun ń bi mí pé kí ló ń wò níta.
Mo fẹ́ dá wọn lóhùn,
àmọ́ ẹ̀rọ mi ti ń hùwà.
Ẹ dákẹ́ ná.
Bẹ́líìtì kejì.